Káfíńtà Tó Ń Bi Ògiri Léèrè Ọ̀rọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Olúdayọ̀ jẹ́, kó gbé àga tó ń mì lọ bá a, kó ní kó bá òun tún un ṣe. Káfíńtà mìíràn á wo ẹsẹ̀ àga, á kan ìṣó méjì mọ́ ọn, ó parí. Dayọ̀ á dojú àga délẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ́ ní ìbéèrè. Ta ló máa ń jókòó lé e? Ṣé ó sanra? Ṣé ó máa ń fẹ̀yìn tì, àbí etí àga ló máa ń jókòó sí? Ilẹ̀ tí wọ́n gbé e lé ńkọ́, ṣé ó tẹ́jú? Ìwọ ti ń wo aago, ọkàn ẹ ti wà ní Ọjà'ba tó ò ń lọ, ọ̀gbẹ́ni ṣì ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ àga bíi dókítà. Tó bá wá tún un ṣe tán, erin lè jókòó síbẹ̀. Àmọ́ ta ló ráyè dúró?

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa torí èmi ni mo máa ń bá a wáṣẹ́. Ẹnu ni tèmi. Láti Bẹẹrẹ dé Àrẹ̀mọ, mo mọ ilé tí òrùlé ẹ̀ ń jò, mo mọ èyí tí àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun fẹ́ bá wọn tún ṣe, mo sì mọ ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n á fi gbà. Bọ̀dá Dayọ̀ ni mò ń pè é, torí ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Aláriwo lòun ń pè mí. A ò jọra níbì kankan.

Ọ̀gá Adégòkè ló kọ́ ọ níṣẹ́, nísàlẹ̀ Òkè Màpó. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọ, òun fi mẹ́fà. Kì í ṣe pé orí ẹ̀ kú o, ìbéèrè ni ò jẹ́ kó tètè parí. Tí ọ̀gá bá ní kó gé igi sí ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, á ní kí ló dé tí kì í ṣe mọ́kànlá. Wọ́n á gbá a létí, á gé igi, á tún padà wá béèrè. Lọ́jọ́ tó gba fíríídọ̀mù, ọ̀gá gbọ́wọ́ lé e lórí níwájú gbogbo ẹgbẹ́ káfíńtà, ó ṣàdúrà gidi fún un, ó wá fi kún un pé, "Dayọ̀, kí Ọlọ́run fún ẹ ní oníbàárà tí ò níbi tó ń lọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣe àmín. Àdúrà yẹn ò gbà torí pé kò sí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn.

Bó ṣe di pé odindi ọdún mẹ́ta nìyẹn, tó jẹ́ àga, ilẹ̀kùn, àti fèrèsé ilé adìyẹ ló ń ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, òun àti ìyàwó ẹ̀, Mojísọ́lá, jókòó, wọ́n ṣàdéhùn. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí kò bá tíì rí iṣẹ́ gidi kan tó lè tọ́ka sí pé èmi ni mo ṣe é, á gbé àpótí irinṣẹ́ ẹ̀ padà sábẹ́ Ọ̀gá Adégòkè, á máa ṣe lébìrà. Ọkùnrin tó ti gba fíríídọ̀mù. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìwọ̀n pákó.

Oṣù Kejì ni mo rí iṣẹ́ náà fún un. Agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnká, ilé amọ̀ ayé àtijọ́, yàrá mẹ́rìnlá, páánù orí ẹ̀ ti pọ́n bí epo. Mọgàjí Àkíbù ni olórí ẹbí. Wọ́n ti ra páánù tuntun ní Ògùnpa, wọ́n tò ó jọ sójúde, wọ́n fi tapólì bò ó. Ohun tí wọ́n fẹ́ ò le rárá: kí òrùlé ti parí kí òjò tó dé. Mo fi ẹnu gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ káfíńtà mẹ́ta. Nígbà tí mo sọ fún Bọ̀dá Dayọ̀, kò fò, kò yọ̀. Ó ní irú ògiri wo ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tá a débẹ̀, mo rò pé ó máa gun òkè. Kò tiẹ̀ wòkè. Ó ń rìn yí ilé po, ó ń fi ìka kan ògiri bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, ó ń gbé etí síbẹ̀. Ó dé ìparí ilé, níbi yàrá Màmá Rachel, ó dúró. Rachel ni orúkọ màmá náà fúnra ẹ̀, kì í ṣe orúkọ ọmọ. Ìyàwó ilé tó dàgbà jù ni wọ́n, ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, ẹnu wọn sì mú. Ògiri ẹ̀yìn yàrá wọn ti lanu láti òkè wá sílẹ̀, ibẹ̀ gba ìka.

Bọ̀dá Dayọ̀ bi Mọgàjí pé ta ló rẹ́ ògiri amọ̀ yìí ní sìmẹ́ńtì. Mọgàjí ní ọmọ wọn kan tó wá láti Èkó ló rẹ́ ẹ, ó ti tó ọdún mẹ́wàá, kí ilé lè dà bíi tàwọn èèyàn. Ó tún béèrè pé tí òjò bá rọ̀, ibo lomi máa ń dúró sí. Mọgàjí wojú mi, wọ́n wojú ẹ̀, wọ́n ní òrùlé làwọn pè é fún o.

Ọjọ́ kejì, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń wo ògiri. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Mọgàjí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní ọjọ́ wo lẹni yín máa bẹ̀rẹ̀. Mo lọ bá a. Ó ní òun ò tíì mọ̀. Mo ní kó sáà dá ọjọ́ kan fún wọn, tọ́jọ́ bá pé tá ò bá ṣe é, a ó bẹ̀ wọ́n, ṣebí bí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ní, "Tí mo bá dá ọjọ́ tí mi ò mọ̀, irọ́ ni mo pa yẹn." Mo fẹ́ fi orí gbá ògiri, àmọ́ ògiri ọ̀hún gan-an là ń sọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo ti rí nípa irú èèyàn báyìí. Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nínú orí wọn tipẹ́ kí ọwọ́ wọn tó gbéra. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń gbẹ́ kànga, èèyàn á rí erùpẹ̀ tó ń kó jáde, wọ́n á mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Ẹni tó ń ronú, kí lẹ fẹ́ rí? Wọn ò sì mọ̀ pé ẹ ò rí i. Wọ́n rò pé bó ṣe hàn sáwọn ló hàn sí gbogbo ayé. Ẹ yìn wọ́n, kò wú wọn lórí. Ẹ lé wọn léré, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àfi kẹ́ ẹ fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn wọ́n. Tí wọ́n bá ti rídìí ẹ̀ báyìí, ẹ ò ní lè dá wọn dúró mọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó fa bébà ya nínú ìwé jọ́tà ọmọ ẹ̀, ó gé e sí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, márùn-ún. Ó fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ibi tí ògiri ti lanu, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọjọ́ oṣù, ó fàlà sí i. Ó ṣàlàyé fún mi pé tí ògiri bá dúró sójú kan, bébà á wà bó ṣe wà. Tó bá ń rìn, bébà á ya, òun á sì mọ ibi tó ti ń yára jù. Mo ní ó dáa. Ọkàn mi ti wà níbòmíì. Èmi nìkan náà ló sọ fún o. Kò sọ fún Mọgàjí, kò sọ fún Màmá Rachel tó ni yàrá, kò sọ fún ẹnì kankan. Ó palẹ̀ mọ́, ó lọ sílé.

Ẹ wò ó ná. Agboolé Bẹ́yẹrúnká. Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ wà nínú ẹbí kan ṣoṣo, ẹjọ́ lórí ilé ò tíì tán láàárín wọn. Wọ́n wá jí, wọ́n rí bébà tí wọ́n kọ nǹkan sí, márùn-ún, lẹ́yìn yàrá ìyá arúgbó.

Hàǹtú ni, oògùn tí wọ́n ń kọ sí bébà, kò tún sí nǹkan míì tó lè jẹ́. Ẹnì kan ní nọ́ńbà yẹn, iye èèyàn tó máa kú ni. Ẹlòmíì ní Mọgàjí ló rán káfíńtà níṣẹ́, kí ilé lè jẹ́ tiwọn nìkan. Àwọn ìyàwó ilé kó àwọn ọmọ wọn kúrò lẹ́yìnkùlé. Nígbà tá a fi máa débẹ̀, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, ojúde ti kún, ẹnì kan sì ti ya gbogbo bébà yẹn kúrò, kò kù ẹyọ kan. Wọ́n béèrè ẹni tó ya á. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Bọ̀dá Dayọ̀ ò gbọ́ pé wọ́n ń pe òun lólóògùn. Ojú ògiri ló ń wò, bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan ẹ̀ kó. Ó yíjú sí gbogbo èrò yẹn, ó bi wọ́n ní ìbéèrè tó burú jù tèèyàn lè bi wọ́n lọ́jọ́ náà.

"Kẹ́ ẹ tó ya á, ṣé ó ti ń ya fúnra ẹ̀?"

Ìyá kan tó pọnmọ tún ọ̀já so. Mo rí i lójú Mọgàjí pé iṣẹ́ ti bọ́.

Wọ́n ní kó ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé o. Ó tẹ̀ ba, ó ń fi igi ya ilẹ̀, ó ní amọ̀ máa ń mu omi látilẹ̀, ó sì yẹ kó máa tú u dà sí afẹ́fẹ́, àmọ́ sìmẹ́ńtì ti dé e mọ́nú, òun fẹ́ mọ bí ọ̀rinrin ṣe ga tó, ìyẹn ló fi jẹ́ pé bébà kìíní àti ìkẹta... Wọ́n ti ń húkọ́. Àwọn kan ti ń lọ. Mọgàjí gbọ́wọ́ sókè.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹ dùn. Ọjọ́ wo lo máa bẹ̀rẹ̀?"

Ó ní bí wọ́n ṣe ya bébà yẹn, òun nílò ọjọ́ mẹ́jọ míì.

Mọgàjí ò bínú. Wọ́n ní òjò ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n fa fóònù yọ lójú wa níbẹ̀, wọ́n pe Ọ̀gá Adégòkè. Ọ̀gá Adégòkè ní ọ̀la.

Mo bú u láti Bẹ́yẹrúnká títí a fi yọ sí Bẹẹrẹ. Mo ní ṣebí ẹ lẹ́nu, ṣebí ẹ ò yadi, ẹ jókòó ti ọ̀rọ̀ bí adìyẹ tó ń sàba. Ó ń yára rìn, ó ń dúró lójijì, ó tún ń yára. Ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a ní ìyànà. Ó di ìwájú ibi tí wọ́n ti ń ta rọ́bà, ó dì mí lápá mú.

"Ibùsùn màmá yẹn, ibo ni wọ́n gbé orí ẹ̀ sí?"

"Èmi ò mọ̀."

"Ara ògiri yẹn ni. Mo rí i. Tí wọ́n bá gbé òrùlé tuntun lé ògiri yẹn, tí òjò wá bọ́ sí i..." Kò parí ẹ̀. Ó ní, "Ó lè jẹ́ pé mo ṣì í o. Mi ò ní nǹkan tí mo lè fi hàn."

Ìyẹn ló ń jẹ ẹ́. Iṣẹ́ tó bọ́ dùn ún, mo rí i. Àmọ́ èyí tí ò jẹ́ kó lè jókòó ni pé ọ̀rọ̀ kan wà tí kò mọ òpin ẹ̀. Mojísọ́lá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò jẹun, ó kàn ń dìde, ó ń lọ kan ògiri ilé àwọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí irinṣẹ́ ẹ̀, ó lọ bá Ọ̀gá Adégòkè, ó ní òun fẹ́ ṣe lébìrà níbi iṣẹ́ Bẹ́yẹrúnká. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ o, àdéhùn ìwọ àti ìyàwó ẹ ò tíì pé. Ó ní òun mọ̀. Wọ́n ní kó gbé pákó.

Ọ̀gá Adégòkè, ẹ̀yà tiwọn tún yàtọ̀. Ọwọ́ wọn á ti wà lórí iṣẹ́ kí orí wọn tó débẹ̀, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ àlàyé. Mo ti kìlọ̀ fún Bọ̀dá Dayọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní ẹ má bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ ọ̀rinrin o, ẹ má ya nǹkan sílẹ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ kára wọn mọ̀ ọ́n. Ó ronú sí i. Mo rí i pé ó ń ronú sí i lóòótọ́, bó ṣe máa ń ronú sí ìwọ̀n igi.

Nígbà tí wọ́n ti tú páánù àtijọ́ kúrò, ó mú ìṣó gígùn kan, ó lu ihò sí ògiri Màmá Rachel lápá ìsàlẹ̀. Ó pe ọ̀gá.

"Ọ̀gá mi, ẹ fún mi ní ìka yín."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ sáà fún mi, sà."

Ó ki ìka ọ̀gá bọ inú ihò. Ìka wọlé títí dé oríkèé kejì láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í. Nígbà tí ọ̀gá fà á yọ, ẹrẹ̀ ló bò ó, ẹrẹ̀ tútù, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ ìta gbẹ bíi burẹ́dì ìjẹta. Ọ̀gá wo ìka wọn. Wọ́n nu ún mọ́ ṣòkòtò. Wọ́n wo ẹ̀yìn bóyá ẹbí ń wò wọ́n.

"Òpó mélòó?"

"Mẹ́jọ."

"Mẹ́fà ńkọ́?"

"Mẹ́jọ, ọ̀gá."

"Má ṣàlàyé fún mi o."

"Mi ò ṣàlàyé, sà."

Bí wọ́n ṣe ri òpó igi mẹ́jọ mọ́lẹ̀ nínú yàrá náà nìyẹn, wọ́n gbé ìtì lé wọn lórí, wọ́n gbé òrùlé lé ìtì. Ògiri ò gbé nǹkan kan mọ́ níbẹ̀. Tí ẹbí bá béèrè, Ọ̀gá Adégòkè á ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé òde òní nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún, wọ́n parí gbogbo ilé. Wọ́n pa adìyẹ fún wọn.

Òpó kan wà nínú mẹ́jọ yẹn tí Bọ̀dá Dayọ̀ fúnra ẹ̀ yan ibi tó máa wà. Gẹ́lẹ́ ibi tí ibùsùn Màmá Rachel wà tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n ní láti gbé ibùsùn lọ sápá kejì. Màmá ṣẹ́ èpè fún òpó yẹn ní gbogbo oṣù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní àwọn ti sùn síbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ti dé ilé ọkọ, kí ló kan káfíńtà nípa ibi tí àwọn ń gbórí sí.

Òjò dé. Bọ̀dá Dayọ̀ wà lábẹ́ ọ̀gá, ó ń gbé pákó, ó ń bi pákó ní ìbéèrè. Mò ń wáṣẹ́ fún ẹlòmíì, àmọ́ mo máa ń yà lọ wò ó. Gbogbo ìgbà tójò bá ṣú, á gbé pákó sílẹ̀, á máa wo ọ̀nà Bẹ́yẹrúnká.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, Màmá Rachel ń sùn lọ́wọ́, ògiri ẹ̀yìn yàrá wọn fi ìdí jókòó, ó wó wọnú ilé. Òkìtì ẹrẹ̀ tó ga ju èèyàn lọ kún ibi tí wọ́n ń gbórí sí tẹ́lẹ̀. Kò kan wọ́n rárá. Wọ́n ní nígbà táwọn lajú, igi ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé làwọn ń wò. Òrùlé wà lórí òpó, kò yẹ̀, kò mì.

Gbogbo Bẹẹrẹ wá wòran. Wọ́n ń kí Ọ̀gá Adégòkè, wọ́n ń pè wọ́n ní olóye, ọ̀gá ń gbà á dáadáa, wọ́n ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Bọ̀dá Dayọ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń fi téèpù wọn ẹrẹ̀.

Màmá Rachel ló ní kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n jókòó sórí àpótí, ẹrẹ̀ wà ní gèlè wọn. Wọn ò wojú ẹnikẹ́ni.

"Èmi ni mo ya bébà yẹn," ni wọ́n wí. "Mo rì í sínú omi àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta, mo dáná sun ún. Méjì ti ya fúnra wọn kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀rù bà mí ni mi ò fi sọ." Wọ́n wá nàka sẹ́yìn èrò. "Ọmọ yẹn ló gbé mi kúrò níbẹ̀. Adégòkè, àbí irọ́ ni mo pa?"

Ọ̀gá Adégòkè wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Òun ni, Màmá. Òun ló rí i."

Bọ̀dá Dayọ̀ ti dìde. Kò gbọ́ oríyìn o. Ohun tó gbọ́ ni méjì. Ó fẹ́ béèrè èyí tó ya nínú márààrún, mo rí i lẹ́nu ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Mọgàjí ní yàrá mẹ́ta míì wà tí wọ́n rẹ́ ní sìmẹ́ńtì bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó gba gbogbo ẹ̀, látorí ògiri tó wó títí dé ojúde, kó mú bíríkìlà tó bá wù ú, lórúkọ ara ẹ̀. Ọ̀gá Adégòkè ní òun fi sílẹ̀ fún un. Gbogbo èrò dúró. Mọgàjí wá bi í, ohùn wọn rọra, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni.

"Ọjọ́ wo?"

Mo mọ ohun tó wà nínú orí ẹ̀. Omi ò tíì gbẹ. Kò tíì wo ìpìlẹ̀. Kò tíì mọ irú amọ̀ tó wà nínú yàrá kẹta. Ẹnu ń yún mi láti bá a dáhùn, mo há a mọ́ eyín.

"Ọjọ́ Ajé, bàbá," ló wí.

Wọ́n ṣe àmín bí ẹni gbọ́ àdúrà. A jáde. Ọjọ́bọ̀ ni lọ́jọ́ náà. A ò tíì rìn dé ìyànà Bẹẹrẹ tó fi dúró, òógùn bò ó, ó ní ọjọ́ mẹ́rin ò tó, ó ní ṣé mo mọ̀ pé kò lè tó. Mo ní mo mọ̀. Mo ní ká kọ́kọ́ lọ sọ fún Mojísọ́lá. Ó ní kí n lọ sọ fún un, ṣebí èmi ni mo lẹ́nu, ó sì ti yí padà sí Bẹ́yẹrúnká kí n tó dá a lóhùn, ó ń fò lórí kòtò omi, téèpù ẹ̀ ń fà nílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀.